Àmín Tí Àjíbíkẹ́ Ṣe

Àjíbíkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ní àdúgbò wa ní Ailegun, Ìyá Morọ́lá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, nítorí Morọ́lá ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ga, ó tínrín, ohùn rẹ̀ sì ròkè. Bí ó bá kí ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹni tó wà ní ìkángun òpópónà á dáhùn.

Mo ti mọ̀ ọ́n kí ó tó di ìyá ẹnikẹ́ni. Èmi ni mò ń ṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ oníke kan ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate nígbà tí ó wọlé síbẹ̀ ṣe kásúà. Kásúà ni òṣìṣẹ́ tí wọn kò fún ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá. Nínú ìwé, kò débẹ̀ rí. Ọdún mọ́kànlá ni Àjíbíkẹ́ ṣe. Ẹ̀rọ kẹta láti ẹnu ọ̀nà ni tirẹ̀. Ìdérí igo ni ẹ̀rọ náà ń tẹ̀. Àjíbíkẹ́ á ṣà á, á yọ èyí tí kò dára, á da ìyókù sínú àpò. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ṣíìfù rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i tí ó pẹ́, ọjọ́ tí tírélà kan ṣubú dí ọ̀nà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi pẹ́.

Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kẹrin ni Inúmidùn, ọmọdébìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé girama. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹ̀rọ náà gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, òṣìṣẹ́ kọngílá tó kó wọn wá ni. Kọngílá ní inú ilé-iṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe inú ilé òun. Ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi lẹ́nu géètì, wọ́n fi àkísà wé e lọ́wọ́.

Àjíbíkẹ́ jáde wá. Ó wo ọwọ́ náà. Ó padà wọlé, ó pa ẹ̀rọ kẹta, ó pa ẹ̀rọ kẹrin, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mi ò gbọ́ ìró ẹ̀rọ kankan mọ́. Gbogbo wọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ méjì àtààbọ̀ ni wọ́n fi jókòó.

Ọ̀gá kan jáde sí wọn, ó ní, "Ta ni olórí yín?"

Àjíbíkẹ́ ní, "A ò wá olórí, sà. Ìka là ń wá."

Wọ́n gbé Inúmidùn lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ dé òpin. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kí n má ṣí géètì fún Àjíbíkẹ́ mọ́. Èmi ni mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ má banú jẹ́, Bàbá. Iṣẹ́ yín ni." Ó yí padà, ó ń lọ. Ó gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì ń rán aṣọ káákì fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Àwọn tó bá a jókòó sílẹ̀ ló kọ́kọ́ wá rán aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọdún yẹn náà ló wọ ẹgbẹ́ òṣèlú wa. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Bí a bá ń kí ara wa ní ìpàdé, a máa ń ní, "Ìlọsíwájú!" Ìdáhùn rẹ̀ ni, "Ti mẹ̀kúnnù ni!" Ọdún mẹ́sàn-án ni Àjíbíkẹ́ fi dá a lóhùn. Ó ń lẹ pátákó, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń kó àwọn ènìyàn lọ gba káàdì ìdìbò. Bí a bá wọlé tán, wọ́n á pín ipò, wọn kò ní dárúkọ rẹ̀. Kò bínú. Ní ọdún kan, gọ́tà Ailegun dí, omi wọ ilé mọ́kàndínlógún. Ó kó àwọn obìnrin àdúgbò lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n sì jókòó sí àtẹ̀gùn ibẹ̀ títí wọ́n fi fún wọn ní katakata tó kó pàǹtí rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá lé kásúà kan, bí onílé bá ti opó kan síta, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Á dá ẹ̀rọ dúró, á tẹ́tí sí wọn, á sì bá wọn lọ sí ibi tó yẹ.

Nígbà tí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ tún dé, kánsẹ́lọ̀ wa ní òun kò ṣe mọ́. Àwọn ènìyàn wá bá Àjíbíkẹ́. Wọ́n ní kí ó gba fọ́ọ̀mù. Ó ní kí àwọn kọ́kọ́ lọ sọ fún Alájì.

Alájì Nùrẹ́nì ni bàbá ìsàlẹ̀ wọ́ọ̀dù wa. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún díẹ̀. Láàárín ogún ọdún, kò sí ẹni tó di nǹkan kan ní wọ́ọ̀dù wa tí kò kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ wọn ní Èjìgbò. Èmi ni mo mú Àjíbíkẹ́ lọ, nítorí èmi àti Alájì jọ bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ni. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Àjíbíkẹ́ onígọ́tà! Gọ́tà wo ló tún dí?"

"Kò sí èyí tó dí, Bàbá. Èmi ni mo wá. Mo fẹ́ gba fọ́ọ̀mù kánsẹ́lọ̀."

Alájì wò ó. "Ta ló rán ẹ?"

"Àwọn ará àdúgbò ni."

"Ará àdúgbò kì í rán ni nínú ẹgbẹ́. Àgbà ló ń rán ni. Ta ni àgbà tìẹ?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

Ìdáhùn náà wu Alájì, mo rí i lójú wọn. Wọ́n ní, "Kò burú. Tí o bá débẹ̀, tí mo bá pè ẹ́, tí mo ní má ṣe nǹkan báyìí, ṣé wàá gbọ́?"

"Tí kò bá ní pa àdúgbò lára, màá gbọ́. Tó bá máa pa wọ́n lára, màá wá kúnlẹ̀ báyìí, màá bẹ̀ yín."

Alájì kọjú sí mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Olúbọ̀wálé, ẹ ò gbọ́ nǹkan! Kò tíì débẹ̀, ó ti ń fi ẹ̀bẹ̀ kọ̀ fún mi!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n ní, "Fara balẹ̀, ọmọ mi. Á kàn ọ́."

"Bàbá, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà lórí ìlà."

"Ìlà náà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó dúpẹ́, ó dìde, ó jáde. Alájì dá mi dúró. Wọ́n ní, "Ta ló ń fún wa ní bọ́ọ̀sì nígbà ìdìbò?" Mo ní àwọn onílé-iṣẹ́ ni. Wọ́n ní, "Ṣé ọmọ tó pa ẹ̀rọ wọn ni kí n gbé síwájú wọn pé òun ni kánsẹ́lọ̀?" Wọn kò retí kí n dáhùn.

Àjíbíkẹ́ gba fọ́ọ̀mù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn àgbà fa Dọ̀tun kalẹ̀. Ọmọ ọ̀rẹ́ Alájì tó ti di olóògbé ni Dọ̀tun. Àgọ́ Palace ló ń gbé, ṣùgbọ́n Ailegun ni ilé bàbá rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé wọ́ọ̀dù wa. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Bí ó bá kí àgbà, àyà rẹ̀ máa ń kan ilẹ̀. Ní ọdún mẹ́sàn-án yẹn, ìpàdé méjì ni mo rí i.

Wọ́n fún àwọn olùdíje àti àwa tí a jẹ́ ẹlẹ́rìí wọ́ọ̀dù ní ìwé òfin ìdìbò abẹ́lé. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Àjíbíkẹ́ kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyá Ìyanuolúwa wà níbẹ̀. Bánkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ará Ìjẹ̀bú ni, òun ni olórí àwọn obìnrin wọ́ọ̀dù wa, ọ̀rẹ́ Àjíbíkẹ́ sì ni. Òfin náà ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ́, kí a kà wọ́n. Àyàfi bí gbogbo olùdíje bá fohùn ṣọ̀kan lórí ẹnì kan níwájú òṣìṣẹ́ tí ẹgbẹ́ bá rán wá. Bí wọ́n bá ti fohùn ṣọ̀kan, kò sí títò mọ́.

Àjíbíkẹ́ ní, "Tí a bá tò, èmi ni."

Ìyá Ìyanuolúwa ní, "Wọn ò ní jẹ́ kí a tò. Wọ́n á gbé bíírò fún ẹ. Wọ́n á ní kí o fọwọ́ sí i pé o ti jánwọ́. Tí o bá fọwọ́ sí i, èmi náà á fọwọ́ sí ẹ létí."

"Ọwọ́ mi ò ní kan ìwé kankan. Ìwé orúkọ àwọn tó wá sípàdé pàápàá, mi ò ní fọwọ́ sí i."

"Kí lo máa wí?"

"Màá ní mi ò mọ̀wé."

"Ìwọ tó ń ka òfin fún wa! Ọlọ́run, ẹ gbà wá lọ́wọ́ púrúǹtù yìí." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Ìyá Ìyanuolúwa fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìdìbò abẹ́lé, ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Èjìgbò. Mo ka àwọn ènìyàn ní bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì. Igba ó lé méjìlá ni wá. Àwọn tó wá nítorí Àjíbíkẹ́ kò dín ní ogóje. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣíìfù ni, aṣọ káákì tí ó rán fún wọn ló wà lọ́rùn wọn. Bọ́láwálé wà níbẹ̀, òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ tí èmi ti ṣọ́ géètì. Òun ló kó ọ̀pọ̀ wọn wá.

Lẹ́nu ọ̀nà, Alájì pàdé Àjíbíkẹ́. Wọ́n bi í léèrè Morọ́lá. Ó ní ọmọ náà wà dáadáa, pé ó fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì ní ọjọ́ Ajé, pé kò sùn dáadáa. Alájì ní, "Á yege." Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Wọ́n gbé ìwé orúkọ wá. Ó ní kí wọ́n bá òun kọ orúkọ òun. Ìyá Ìyanuolúwa gún mi nígbọ̀nwọ́.

Òṣìṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rán wá ń jẹ́ Oyèlékè. Ó wọ gíláàsì, ó gbé fáìlì sórí tábìlì. Ó ní kí Alájì fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ ìpàdé.

Gbogbo wa dìde. Àdúrà Alájì máa ń gùn, ṣùgbọ́n kì í sú ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún wa. Wọ́n ti gbàdúrà sórí ọmọ mi mẹ́rin.

Wọ́n ní, "Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a sin ọmọ."

A ní, "Àmín."

"Àwọn aláboyún inú wa á sọ̀ wẹ́rẹ́."

"Àmín."

"Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò ní jẹ ọwọ́ wọn."

"Àmín!" Àwọn aláṣọ káákì ló mì gbọ̀ngàn jù.

"Morọ́lá, ọmọ Àjíbíkẹ́, tó ń lọ ṣe ìdánwò lọ́jọ́ Ajé, á yege. Ìyá rẹ̀ kò ní sunkún lé e lórí."

"Àmín!" Àjíbíkẹ́ ti la ọwọ́ méjèèjì. Ó dijú.

"Dọ̀tun, ọmọ wa, tí àwọn àgbà fà kalẹ̀ láti ṣe kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yìí, Ọlọ́run á gbé e débẹ̀ láìsí ìjà."

"Àmín."

"Gbogbo wa, olùdíje àti ẹni tó tẹ̀lé olùdíje, ohùn wa ṣọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀."

"Àmín."

Mo gbọ́ àmín Àjíbíkẹ́. Ohùn rẹ̀ kì í sọnù láàárín ohùn. Mo gbọ́ tèmi náà.

A fọwọ́ pa ojú, a jókòó. Ọ̀gbẹ́ni Oyèlékè kò jókòó. Ó ń kọ̀wé. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Gbogbo ilé ti fohùn ṣọ̀kan lórí Dọ̀tun. Àwọn olùdíje méjèèjì wà níbí, mo sì gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì. Kò sí títò mọ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ó rò pé ó ń ṣeré ni.

Àjíbíkẹ́ dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Àdúrà la ṣe. A ò tíì bẹ̀rẹ̀ ìpàdé."

"Ṣé ẹ ṣe àmín, àbí ẹ ò ṣe àmín?"

"Mo ṣe é. Àmín àdúrà ni."

"Ṣé ohùn yín kọ́ ni?"

Ìyá Ìyanuolúwa ti dìde. "Ọ̀gbẹ́ni, tí lémọ́mù bá gbàdúrà pé kí o fẹ́ ìyàwó kejì, tí o ṣe àmín, ṣé yìgì ti so nìyẹn? Ṣé ká máa gbé ìyàwó bọ̀?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń lu bẹ́ǹṣì. Àwọn aláṣọ káákì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé, "A máa tò! A máa tò!" Mo rò pé yóò yí padà. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń rìn bọ̀ sẹ́yìn Àjíbíkẹ́.

Alájì gbé ọwọ́ sókè. Ariwo rọlẹ̀. Wọn kò bínú. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ̀rọ̀.

"Àjíbíkẹ́, ṣé o fẹ́ gba àmín ẹ padà ni?"

Àjíbíkẹ́ wo àwọn tó ń rìn bọ̀.

"Kò burú. Kò sí ẹni tó máa dá ẹ lẹ́kun. Ṣùgbọ́n àdúrà kan ni mo ṣe, mi ò ṣe méjì. Tí o bá máa gbà á padà, gbà á lódindi. Sọ ọ́ sókè kí ilé gbọ́."

Kò sí ẹni tó pariwo mọ́. Gbogbo wa mọ ohun tó wà nínú àdúrà náà. Àwọn tó ń rìn bọ̀ dúró sí ibi tí wọ́n dé.

Ìyá Ìyanuolúwa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Sọ ọ́, Ìyá Morọ́lá. Ọlọ́run mọ èyí tó o gbà padà àti èyí tó o fi sílẹ̀."

Àjíbíkẹ́ la ẹnu. Nígbà náà ni Bọ́láwálé sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má gbà á padà. Inú oṣù yìí ni ìyàwó mi máa bímọ."

Ó yíjú wo Bọ́láwálé. Bọ́láwálé wo ilẹ̀.

Aago kan wà lára ògiri gbọ̀ngàn náà. Ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta ti kọjá lórí aago mẹ́wàá nígbà tí Alájì bi í ní ìbéèrè. Nígbà tí ó jókòó, ìṣẹ́jú mọ́kànléláàádọ́ta ti kọjá. Kò gba àmín rẹ̀ padà. Ó kàn jókòó.

Wọ́n gbé ìwé wá fún àwa ẹlẹ́rìí wọ́ọ̀dù. Àwa mẹ́ta ni. Mo fọwọ́ sí i. Mo kọ orúkọ mi lódindi.

Nígbà tí mo délé, mo tún ìwé òfin náà kà. Mi ò yára kà. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kí n tó rí i. *Bí gbogbo olùdíje bá fohùn ṣọ̀kan.* Ohùn ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọwọ́ ni àwa ń ṣọ́.

Ẹgbẹ́ fún ẹni tó bá ní ẹ̀hónú ní ọjọ́ márùn-ún. Àjíbíkẹ́ kọ ìwé ẹ̀hónú. Wọ́n ní kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, Ìyá Ìyanuolúwa wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Morọ́lá, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ta ló gba ohùn sílẹ̀? Kò sẹ́ni. Sọ pé o ò ṣe àmín. Sọ pé o dákẹ́. Èmi á jẹ́rìí. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn á jẹ́rìí."

"Mo ṣe é."

"Mo mọ̀ pé o ṣe é! Àwọn náà mọ̀ pé àdúrà ni. Tí wọ́n bá fi èrú mú ẹ, ṣé òótọ́ lo máa fi bọ́?"

Àjíbíkẹ́ ń yọ òwú lára aṣọ kan. Ó ní, "Morọ́lá ti ṣe ìdánwò. Èsì ò tíì jáde. Tí mo bá dúró níwájú wọn pé mi ò ṣe àmín, mo ti gbà á padà nìyẹn."

Ìyá Ìyanuolúwa kọjú sí mi. "Bàbá, ẹ bá a sọ̀rọ̀."

Mo bá Àjíbíkẹ́ ṣa òwú tó já bọ́ sílẹ̀. Èmi náà ní ọmọ.

Ìgbìmọ̀ bi í ní ìbéèrè kan. Wọ́n ní ṣé ó ṣe àmín. Ó ní òun ṣe é. Wọ́n ní kí ó máa lọ. Kò pẹ́ tó ẹni tó lọ bu omi mu.

Mo lọ bá Alájì lẹ́yìn náà. Nǹkan kan ló ń dùn mí, mo sì fẹ́ sọ ọ́. Àwọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ rò pé mi ò mọ̀ pé òun ló dára jù?"

Mo ní, "Kí ló wá dé, Alájì?"

"Dọ̀tun, tí mo bá pè é, á wá. Àjíbíkẹ́, tí mo bá pè é, á wá, á kúnlẹ̀, á bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi í ṣe. Mo ti dàgbà jù, Bàbá Olúbọ̀wálé. Mi ò lè máa dáhùn mọ́."

Wọ́n ní kí wọ́n gbé omi wá fún mi. Mi ò mu ún.

Ẹgbẹ́ kejì ránṣẹ́ sí Àjíbíkẹ́ pé kí ó wá gba àsíá tiwọn. Ó ní òun kò lè tún ojúlé kan náà lọ, kí òun máa bú ohun tí òun ti fi ọdún mẹ́sàn-án yìn. Ìyá Ìyanuolúwa kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí ìyẹn.

Èsì Morọ́lá jáde. Ó yege. Ìyàwó Bọ́láwálé bí ọkùnrin, ìyá àti ọmọ sì wà ní àlàáfíà. Alájì rán ènìyàn sí Àjíbíkẹ́ pé, "O rí i pé àdúrà gbà." Ó ní kí ẹni náà bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Èyí ló bà mí nínú jẹ́ jù, nítorí mo wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Ní ọjọ́ ìdìbò, ibùdó ìdìbò wa ní orúkọ ọ̀rìnlénírínwó nínú ìwé. Ènìyàn mọ́kànlélógójì ló wá. Àwọn aláṣọ káákì kò wá. Àjíbíkẹ́ wá ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ó gba ìwé ìdìbò, ó wọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ka, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ka ìbò, wọ́n rí ìwé kan tí kò sí ìka lára rẹ̀. Mi ò sọ pé tirẹ̀ ni. Dọ̀tun wọlé.

Kò wá sí ìpàdé mọ́. Wọ́n rán mi sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé àga fún mi, ó fún mi ní omi, ó bi mí léèrè ẹsẹ̀ mi tó ń dùn mí. Nígbà tí mo dárúkọ ìpàdé, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ nǹkan míì."

Ní oṣù tó kọjá, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Obìnrin kan wọlé, kásúà ni, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní wọ́n lé àwọn méje lọ́jọ́ kan náà nítorí wọ́n béèrè ìbọ̀wọ́. Ó ní wọ́n júwe ibí fún òun.

Àjíbíkẹ́ kò dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní, "Ẹ lọ bá kánsẹ́lọ̀."

"A ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta, mà. Wọ́n ní wọn ò sí nílé."

"Ẹ tún lọ."

Obìnrin náà dúró. Ó wo èmi. Ó tún wo Àjíbíkẹ́, bóyá yóò gbójú sókè. Àjíbíkẹ́ ń rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan lọ. Nígbà tó rán an dé òpin, ó yí i padà, ó sì tún ń rán apá kejì. Obìnrin náà ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì jáde sí ọ̀nà.